Ẹni Tí Ó Wà Lẹ́yìn Okùn

Nígbà tí mo ń kúrò ní Ìlá, ohun tí Rùkáyátù ọmọ mi sọ fún mi ni pé bàálù ni òun ń wà ní ìlú òyìnbó. Kò parọ́. Bàálù ló ń wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà máa ń ní apá kan tí wọ́n ká sínú, bí ìgbà tí obìnrin bá ká etí ìró tó ti ya mọ́ abẹ́ kí ará ọjà má baà rí i.

Gbogbo agboolé wa ló ti gbọ́. Sínátù, àbúrò mi tí ó tẹ̀lé mi, ń ta aṣọ kiri. Ó ti sọ ọ́ dé Òkè-Ìlá, ó ti sọ ọ́ dé Ìgbájọ, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló ń wa bàálù ńlá tí ń kó àwọn alálàájì lọ sí Mẹ́kà. N kò mọ ibi tó ti rí Mẹ́kà yẹn. Èmi náà kò já a nírọ́, nítorí ó dùn mọ́ mi létí.

Rùká ló ní kí n wá. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, Jímọ̀ ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, kò sí ẹni tí yóò máa wo ọmọ. Bàbá Rùká ti kú, ilé sì ti dá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún Sínátù, mo lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni bí gbogbo nǹkan ṣe pa rọ́rọ́. Ilé tò lọ rẹrẹ, wọ́n jọra bí ọmọ ìyá, kò sí ìró odó, kò sí ẹni tí ń pe ọmọ wálé. Mo máa ń yọjú lójú fèrèsé bóyá wọ́n ti kó kúrò nílùú tí wọn kò sọ fún wa. Oòrùn náà ńkọ́? Yóò ràn, yóò mọ́lẹ̀ kedere, èmi yóò wọ bùbá lásán bọ́ síta, òtútù yóò sì gbá mi mú bí olè. Oòrùn tí ń tan ènìyàn jẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé ohunkóhun tí mo bá fojú rí ní ìlú yìí, n óò fọwọ́ kàn án kí n tó gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tí Rùká mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ nà. Mo ti ń retí ilé gìrìwò onídígí, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Pápá koríko ni. Màlúù ń jẹko ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàálù rẹ̀ dúró síbẹ̀, kékeré bí tata, ẹ́ńjìnnì kan ní imú. Mo fọwọ́ kan ìhà rẹ̀, ó rọ̀ wọlé díẹ̀.

“Rùká, aṣọ nìyí.”

“Aṣọ ni, Màámi. Wọ́n kùn ún lọ́dà ni.”

“Aṣọ ni o wọ̀ lọ sókè?”

“Irin wà nínú rẹ̀, Màámi. Ẹ má dààmú.”

“Irin wà nínú agbòjò náà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo yọjú wo inú. Àga méjì péré ni. Mo ní níbo ni àwọn èrò ń jókòó sí. Ó ní kì í gbé èrò, bàálù mìíràn ló ń fà. Ó na ọwọ́ sí àwọn kan tí wọ́n tò sórí koríko, funfun, apá wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Ó ní òun a máa fi okùn so wọ́n mọ́ ìdí bàálù òun, òun a fà wọ́n gòkè. Bí wọ́n bá ga tó, ẹni tó wà nínú wọn á tú okùn, á sì máa rà bàbà kiri bí àṣá.

“Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?”

“Ìgbádùn ni, Màámi.”

Mo tún fọwọ́ kan aṣọ bàálù náà. 

Bàbá Rùká, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, awakọ̀ ni. Mo wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà kan tó fi okùn fa ọkọ̀ kan tó kú láti Òkè-Ìlá wá sílé. Ó ní nínú gbogbo iṣẹ́ awakọ̀, kò sí èyí tí òun kórìíra tó o, nítorí ẹni tí wọ́n ń fà kò ní ẹ́ńjìnnì ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́, kò sì sí ohun tí kò lè fi ọwọ́ náà ṣe lẹ́yìn ẹni. Orí ilẹ̀ nìyẹn o. Orí ilẹ̀ tí ènìyàn lè dúró, kó bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n bú ara wọn, kí wọ́n tún okùn so.

Mo bi Rùká bóyá ewu wà níbẹ̀. Ó ní kò séwu. Mo bi Jímọ̀, òun náà ní kò séwu, Màmá. Obìnrin tó ń se tíì ní pápá náà ní kò séwu, ó tún fọwọ́ gbá mi lẹ́jìká. Nígbà tí gbogbo wọn ti sọ ọ́ bákan náà, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà, ni mo wá mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Bí omi kò bá jìn, kò sí ẹni tí yóò dúró létí rẹ̀ máa sọ fún ọ pé kò jìn.

*

Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń fò jù, Jímọ̀ sì máa ń wà nílé ti ọmọ nígbà náà. Obìnrin onítíì ń wá ẹni tí yóò máa bá òun fọ abọ́. Ìwé mi gbà mí láyè iṣẹ́, mo ní màá ṣe é. Rùká rò pé ilé ló sú mi. Ilé sú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé ibi tí a ti ń fọ abọ́ kọjú sí pápá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà.

Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó le ni pé ènìyàn lè wà láàárín èrò láti àárọ̀ kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè fi ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, màá fọwọ́ kan gèlè mi, màá wo ìró mi, bóyá èmi ni. Mo kọ́ bí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo sì mọ ibi tí màá ti sọ̀. Lọ́jọ́ kan mo din ẹyin pẹ̀lú ata rodo díẹ̀ fún ara mi. Ọkùnrin kan ní kí n fún òun jẹ níbẹ̀, omi jáde lójú rẹ̀, ó mu omi tán nínú kẹ́tùlù. Ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ó ní ẹyin Màmá làwọn fẹ́. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bẹ̀ mí fún nǹkan.

Sínátù a máa pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán Àìkú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò tíì fi fọ́tò bàálù ránṣẹ́. Àwọn ará Ìgbájọ ń bi mí.”

“Kí ni àwọn ará Ìgbájọ fẹ́ fi ṣe?”

“Wọ́n ní àfi kí àwọn rí i. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa.”

“Ṣé o ò parọ́ ni? Ta ló sọ Mẹ́kà fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá gbé wọn dé Kánò náà, ẹ sọ fún mi kí n mọ ibi tí n óò dá a dúró sí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bàálù náà wà, ó dúdú lórí, ó funfun nísàlẹ̀. N kò sọ pé aṣọ ni. N kò sọ okùn. Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rí i pé èmi náà ti ń ká etí ìró mọ́ abẹ́.

*

Bàbá arúgbó kan wà ní pápá náà tí wọ́n ń pè ní Kọ́línì. Òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní fífò, òun náà ló ń sọ ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò dúró. Kì í kí ènìyàn. Bó bá wọlé, yóò fi ìka kan ife, èmi yóò bu tíì sí i, yóò sì jókòó sí ìkángun. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ní Ìlá, bí ènìyàn bá wọlé tí kò kí àgbà, ọwọ́ rẹ̀ la máa wò bóyá ó fi nǹkan pamọ́.

Ní ọ̀sán kan òjò rọ̀, kò sí ẹni tó fò, àwọn yòókù ti lọ sílé. Rùká ń nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lábẹ́ ilé bàálù. Mo kó gbogbo gẹ̀ẹ́sì mi jọ, mo bi Kọ́línì pé ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún yẹn, kí ló lè pa á? Àwọn tó kù ì bá ti rẹ́rìn-ín. Kọ́línì kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣíbí, ó fa okùn já lára àpò tíì, ó so ó mọ́ ìdí ṣíbí náà. Ó gbé e lé ọwọ́ kan gbọọrọ, ó ní Rùká nìyí. Ó fi ọwọ́ kejì di etí okùn mú, ó ní ẹni tó wà lẹ́yìn nìyí. Ó fà á sẹ́yìn tààrà, ṣíbí kò mì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ tó di okùn mú sókè. Ìdí ṣíbí tẹ̀lé okùn lọ sókè, orí rẹ̀ dojú kọlẹ̀, ó sì já lu tábìlì.

Ó ní bí ẹni ẹ̀yìn bá gòkè jù, ìdí bàálù iwájú ni yóò fà sókè. Bí ìdí bá sì ti gòkè, imú ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, kò sí agbára ẹ́ńjìnnì tó lè gbà á. Bó bá jẹ́ òkè réré, àyè wà láti tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀, kò sáyè. Ó ní Rùká ní ọwọ́ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè fà, tí okùn yóò fi bọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tètè mọ̀, dígí ló sì fi ń wo ẹ̀yìn bíi ti awakọ̀. Bí ẹni ẹ̀yìn bá ti ga jù, kò ní rí i nínú dígí mọ́.

Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde, ó lọ. Kò dúpẹ́.

Mo fọ ṣíbí náà. Mo ń bi ara mi pé kí ló dé tó fi sọ fún mi. Gbogbo wọn ní kò séwu, òun nìkan ní ó wà. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ẹ̀rù bà mí kí n ní kí Rùká fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó fi ọmọ tirẹ̀ sí i? Mo ṣe ìwádìí. Kò lọ́mọ.

*

Nílé wa, bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ ẹni, a kì í dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A óò rán ènìyàn lọ sí ìlú rẹ̀. Ẹni tí a rán kò ní sọ pé ìwádìí lòun bá wá, iṣu ni yóò ní òun wá rà. Yóò máa yẹ iṣu wò, yóò máa béèrè: àwọn ará ilé yẹn, ṣé wárápá kò sí níbẹ̀? Ṣé wọn kì í lu ìyàwó? Ìyá wọn tó dàgbà, ta ló ń fún un lóúnjẹ? Èmi fúnra mi ni mo lọ wádìí Jímọ̀ ní Ire kí ó tó fẹ́ Rùká. Mo ra ẹ̀gẹ́ tí n kò nílò, mo gbé e lórí ọ̀kadà wálé.

Mo wá rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọkọ, bó bá burú, ọmọ mi á kó ẹrù rẹ̀, á padà wálé. Ẹni ẹ̀yìn okùn ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń so ọmọ mi mọ́ ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Tíì ni iṣu tí mo ń rà. Bí mo ti ń bù ú, mo ń béèrè: ṣé o sùn dáadáa? Ìyàwó ńkọ́? Ìyá rẹ ṣì wà? Ìgbà wo lo pè é gbẹ̀yìn? Mo ń wo ọwọ́ wọn bóyá ó ń gbọ̀n. Mo ń gbóòórùn wọn. Ọkùnrin kan ń wo fóònù rẹ̀ títí ó fi da tíì sí itan, mo fi èyíinì sọ́kàn.

“Màámi,” Rùká wí nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé, “wọ́n ní ẹ̀ ń da ìbéèrè bo àwọn ènìyàn.”

“Tíì ni mo ń bù.”

“Ẹnì kan ní ẹ bi òun bóyá wèrè wà nílé àwọn.”

“Kí ló fi dáhùn?”

“Màámi.”

“Ó dákẹ́, àbí kò dákẹ́? Ẹni tí kò ní i nílé kì í ronú kí ó tó sọ pé kò sí.”

Ẹ̀rín pa á tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wa ọkọ̀ mọ́.

Nínú gbogbo wọn, Píítà ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá gbé àwo, á dìde. Á ṣí fìlà. Ó béèrè bí wọ́n ti ń kí ní èdè wa, ó sì kọ́ ọ, “Ẹ káàárọ̀ o, Mà,” pẹ̀lú ohùn bí ẹni jẹ iṣu gbígbóná. Ó mọ orúkọ ọmọ-ọmọ mi. Kò sí ẹni tí kì í kí. Bí ajá àwọn tó wà níbẹ̀ bá kọjá, á kí i. Mo sọ fún Rùká pé kí ó máa fa Píítà, kí ó yé fa Kọ́línì.

“Màámi, Kọ́línì ló kọ́ mi ní okùn fífà.”

“Ìyẹn kò ní kó má mọ̀wàhù.”

“Ẹni tó kí yín ni ènìyàn rere, ẹni tí kò kí yín ni èké.”

“Báwo ni ìwọ ṣe ń dá wọn mọ̀?”

 Mo gbà pé mo borí.

*

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Mo ń fọ àwo, ẹ̀yìn mi sì kọ sí fèrèsé nítorí mo ń nu ife gbẹ. Mo ti mọ ìró ẹ́ńjìnnì Rùká bí mo ti mọ ikọ́ rẹ̀. Ìró náà gòkè bó ti máa ń gòkè, ó sì yí padà lójijì, ó le, ó dàbí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un lọ́rùn. Kí n tó yíjú, ó ti padà sí bó ti wà.

Mo bọ́ síta. Gbogbo wọn dúró, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí mi, wọ́n ń wo apá ibi tí igi wà ní ìparí pápá.  Bàálù Rùká yọ jáde lókè igi, ó yí, ó sọ̀ kalẹ̀. Bàálù funfun tí ó ń fà balẹ̀ sínú oko ẹlòmíràn níwájú. Rùká jáde. Ó rìn wá bá mi, ó ní “Màámi, okùn ló já. Ó máa ń já.” Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù.

Mo ní ó dáa. Mo padà lọ sí ìdí abọ́ mi. Obìnrin onítíì ti ń fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọjọ́ tí bàbá Rùká kú ní ọ̀nà Òṣogbo, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sinmi díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wa, a kì í ju òkú lu ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n mo bọ́ sí àgbàlá, mo rí ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ń gbálẹ̀ fún mi. Kò gbálẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tó ti wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo tú gèlè mi. Kò sẹ́ni tó tún ní láti sọ ọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí òyìnbó tí ó ń fọ abọ́ mi, tí òmíràn gbé àga fún mi, tí a délé tí Jímọ̀ ti se ọbẹ̀ tó sì ń pè mí ní Màmá Màmá lẹ́nu gbogbo, mo mọ̀ pé ikú ti yà síbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tó gbà wọlé.

Mo pe Sínátù ní ọjọ́ kejì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, aṣọ, okùn, ẹni ẹ̀yìn. 

“Kì í ṣe Mẹ́kà,” ó wí.

“Kì í ṣe Mẹ́kà.”

“Wọ́n ní okùn já?”

“Ohun tí wọ́n wí nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, okùn tó já, ṣebí á di méjì. Ẹ lọ wò ó.”

Bí a ti padà débẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò yà sí ìdí tíì. Ilé bàálù ni mo gbà lọ. Okùn náà wà lórí ìṣó, wọ́n ká a rogodo. Mo tú u ká sílẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òrùka irin wà ní ìdí kìíní, òrùka irin wà ní ìdí kejì. Kò já. Kò fẹ́lẹ̀ níbì kankan. Ìdọ̀tí ibi tó ti balẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àti koríko gbígbẹ.

Kọ́línì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbé òrùka náà sókè, mo fi hàn án. Ó wọlé, ó jókòó sórí táyà kan, ó sì sọ fún mi. Ó ní òun ti ní kí wọ́n sọ fún ìyá ọmọ, àwọn yòókù ní rárá, ẹ̀rù yóò bà á.

Píítà ni. Ó ti wọnú bàálù rẹ̀, ó ń yẹ àwọn nǹkan wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti kọ́ wọn, ó kù kí ó ti ìdérí onídígí tó wà lórí rẹ̀ pinpin. Ẹnì kan kọjá, ó kí i. Òmíràn kọjá, ó dá a lóhùn, ó ju ọwọ́ sí i, ó béèrè ilé. Ó gbàgbé ìdérí. Bí wọ́n ti kúrò nílẹ̀, atẹ́gùn ṣí i gbàgà. Ó na ọwọ́ sókè kí ó mú un, ọwọ́ kejì tó fi di bàálù mú tẹ̀lé e, bàálù rẹ̀ sì gòkè lójijì. Ó fa ìdí bàálù Rùká sókè. Imú rẹ̀ dojú kọ igi.

“Ó tú okùn náà,” Kọ́línì wí. “Kò dúró wo dígí. Ó tú u bó ti gbọ́ ọ lára.”

Mo ní kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ó bá dúró wo dígí.

Ó wo ilẹ̀. Kò sọ pé kò séwu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun fífura sí i.

*

Mo ní kí Rùká gbé ìyarun wá kí n di irun rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá jókòó sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀, wọn kò lè rí ojú ara wọn, ibẹ̀ sì ni òótọ́ ti máa ń rọrùn láti sọ. Ọmọ-ọmọ mi ń ṣeré lórí ẹní. Mo pín irun náà sí ọ̀nà kìíní.

“Mo ti rí okùn náà,” mo wí.

Ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ ọwọ́ mi.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Okùn ni. Ó ní òun kò já.”

 Mo dì í dé ìdajì orí kí ó tó la ẹnu.

“Màámi, mo rí ewé. Mo rí ewé igi ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rò ó pé ẹ wà ní ìdí abọ́, ẹ óò kàn gbọ́ ọ.”

“Kí ló dé tí o fi parọ́ fún mi?”

“Ẹ̀ bá ní kí n fi sílẹ̀.”

“Ṣé n kò yẹ kí n wí bẹ́ẹ̀?”

“Wákàtí tí mo bá fi wà lókè ni wọ́n máa kà fún mi kí n tó lè wa bàálù ńlá. N kò ní ọ̀nà mìíràn. Ó kù díẹ̀ sí i.” Ó fa èémí. “Bí ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi sílẹ̀. N kò ní bá yín jiyàn.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Bí mo bá la ẹnu wí i, ó tán. Ọmọ tí a bí ní Ìlá ni, yóò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, yóò wá jókòó sílé, yóò sì máa wo ojú sánmọ̀ nínú fèrèsé tí èmi náà ń yọjú sí. Yóò máa bu ọbẹ̀ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. N óò kú, yóò sin mí dáadáa, kò sì ní dárí jì mí.

Mo ti kúrò nílé kí n lè wà nítòsí ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ènìyàn tún lè wà nítòsí jù.

“Nígbà tó ṣẹlẹ̀,” mo bi í, “ṣé o ronú kí o tó tú okùn, àbí o tú u kí o tó ronú?”

“Mo tú u kí n tó ronú.”

“Jókòó dáadáa. Irun kò tíì tán.”

Kò bi mí ìdí tí mo fi béèrè, n kò sì ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé itan mi bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, mo sì ń di irun lọ.

*

Wọn kò jẹ́ kí Píítà dá fò fún ìgbà pípẹ́. Kọ́línì ló ń jókòó tì í nínú bàálù, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Píítà wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan, ó gbé òdòdó dání, ó sunkún fún Rùká. Rùká ní ó tán. Èmi gba òdòdó náà, mo fi sínú omi. Ènìyàn rere ni. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bó ṣe ènìyàn burúkú ni, ǹ bá mọ ibi tí n óò ti máa ṣọ́ ọ.

Àárọ̀ kan, Kọ́línì ní kí Píítà dá lọ. Rùká ló máa fà á. Obìnrin onítíì sọ fún mi, mo nu ọwọ́ mi, mo jáde lọ sórí koríko. Àwọn kan ń wò mí. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàálù funfun náà, níbi tí apá rẹ̀ kò ti lè kàn mí. Àwọn mìíràn ń bọ̀ wá kí Píítà, Kọ́línì sì fi ojú kan dá wọn padà.

Píítà rí mi. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ káàárọ̀ o, Mà.”

N kò dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó kí mi rí láyé tí n kò dá lóhùn, àní nígbà tí mo ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi.  Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ kéré sí i. Mo ń wo ìdérí onídígí náà. Ó wò mí, ó tẹ̀lé ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pa ìdérí dé, ó ti irin rẹ̀ bọ ihò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í lókè, ó tún tì í. Kò mì. Ó wò mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Okùn fà le. Wọ́n lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kéré, tí mo rí i tí wọ́n já ara wọn sílẹ̀ lókè réré, tí Rùká yà sí apá kan tí Píítà yà sí èkejì. Rùká kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. N kò kúrò. Píítà náà balẹ̀ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó ṣí ìdérí, ó jáde, ó dúró ti apá bàálù rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró.

Nígbà náà ni mo lọ bá a. Mo kí i. Mo kí i kú àárọ̀, mo kí i kú ewu, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè ìyá rẹ̀, mo béèrè ajá rẹ̀. Ó ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.